Pèrègún Tí Leah Gbìn Sórí Ilẹ̀ Lábọ̀dé

Láyé ìgbà tí àwọn ará Ìlọ́fà ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Leah, ìyàwó Olóyèdé. Kò ga, kò kúrú; ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́jà kò ní bojú wẹ̀yìn wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú oko obì ọkọ rẹ̀, bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀ ni. Ó mọ igi tó máa ń tètè so, ó mọ èyí tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ó sì máa ń bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọ wí.

Oko náà wà lọ́nà Koro, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Bàbá Olóyèdé ló ni gbogbo ilẹ̀ náà rí. Nígbà tó kú, wọ́n pín in fún ọmọkùnrin méjì tó bí. Ọ̀tọ̀ ni ìyá èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyá ìyẹn. Olóyèdé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mú apá òkè, Lábọ̀dé àbúrò rẹ̀ mú apá ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà gbin pèrègún sí ààrin méjèèjì, nítorí pèrègún ni ẹlẹ́rìí tí kì í kú. Òjò ń rọ̀, ó tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó ṣì tutù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ òun pin sí, pèrègún ni yóò lọ bi.

Olóyèdé gbin obì gbànja sórí tirẹ̀, ó gbìn ín títí ó fi kan ìdí pèrègún gan-an. Kò fi àyè kankan ṣòfò. Lábọ̀dé kò fẹ́ràn oko. Ó bá iṣẹ́ rélùwéè lọ sí Kàdúnà, ilẹ̀ tirẹ̀ sì di bẹẹrẹ. Láyé àtijọ́, bẹẹrẹ kì í pẹ́ lóko, nítorí òun la fi ń bo ilé, ọdọọdún ni wọ́n ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí páànù dé, ta ni yóò tún máa ru koríko wálé? Bẹẹrẹ Lábọ̀dé wá ga ju ènìyàn lọ. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, ó gbẹ bí ìṣáná.

Olóyèdé mọ ohun tí bẹẹrẹ lè dá sílẹ̀. Bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti kọjá, tí ètè àwọn ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í bó, yóò pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí àáró. Wọn yóò ro etí oko náà yí ká, wọn yóò gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ yóò fi ṣí, tí iná tó bá dé ibẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Gbígbá ẹ̀bá oko ni wọ́n ń pè é. Ní ìsàlẹ̀ níbi ààlà, àdá Olóyèdé a máa kọjá pèrègún wọ inú bẹẹrẹ àbúrò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Ọmọ ilẹ̀ ló wà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1979 Olóyèdé kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún òun àti Leah ni Susanna, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní Èkó. Gbogbo ìgbà tí Susanna bá wálé ló ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn jọ máa lọ, pé ilé àwọn láyè, pé àwọn ọmọ ń fẹ́ ìyá àgbà. Leah a rẹ́rìn-ín, a ní òun ń bọ̀. Kò lọ. Ó mọ ohun tí òun mọ̀. Opó tí kò ní ọmọkùnrin, ìjókòó rẹ̀ ni ọwọ́ tó fi di oko ọkọ mú. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń wọlé tó ń jáde nínú oko náà, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò lè yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá di ẹrù, tàbí ọjọ́ tí obì bá tán lórí ilẹ̀, ọjọ́ náà ni oko padà sọ́wọ́ ẹbí, Susanna àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan tọ́ka sí ní Ìlọ́fà mọ́. Obì yẹn gan-an ni Leah ń ṣọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àáró, bí o bá jẹ ẹ́, wàá san án: bí àwọn ọkùnrin mẹ́fà bá ṣiṣẹ́ fún ọ lónìí, ìwọ náà yóò ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni Leah yóò rán lọ san án? Òun nìkan ló ń gbá ẹ̀bá oko rẹ̀. Òkè ń mọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń mọ́. Ìsàlẹ̀ ni kò rí ṣe, nítorí obì ló wà níhìn-ín, bẹẹrẹ ló wà lọ́hùn-ún, pèrègún sì wà láàrin. Ìyàwó ilé ni òun, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Obìnrin tó bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, ẹjọ́ ló ń gbìn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1983 dé, ojú rẹ̀ le. Òjò ti dáwọ́ dúró kí iṣu tó ta dáadáa. Odò tó wà nísàlẹ̀ oko gbẹ títí ó fi ku òkúta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó ń dẹ òyà finá sí koríko lápá odò, afẹ́fẹ́ sì yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Leah wà nínú oko, ó ń ṣa obì. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ariwo bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ìgbà tó gbójú sókè, tó rí i tí àwọn àwòdì ń rà bàbà lójú ọ̀run, ló mọ̀ pé kì í ṣe òjò.

Ó já ẹ̀ka tútù, ó ń fi í na iná. Bó ṣe ń pa á níbí ló ń ràn lọ́hùn-ún. Àwọn ará oko Koro sáré dé, wọ́n bá a pa á, ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín fi máa lọ, gbogbo ìsàlẹ̀ oko, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ti dúdú. Pèrègún ààlà nìkan ló ṣì ní ewé, bó tilẹ̀ rọ díẹ̀.

Wọ́n kẹ́dùn fún un, kì í ṣe irọ́. Àwọn ìyá ìjọ gbé iṣu wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Sikirat, ìyá Rafiat, tó máa ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ gbé lọ sí Ìlọrin, sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Lẹ́yìn náà kálukú padà sídìí nǹkan tirẹ̀. Iná ti jó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́dún náà. Ẹni tó ń sunkún tirẹ̀ kò lè pẹ́ nídìí ẹkún ẹlòmíràn. Leah wá ku òun àti igi dúdú.

Ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ àgírìkì, Issa ni orúkọ rẹ̀, ará Ìlọrin, ló gun alùpùpù dé lọ́jọ́ kan láti wo àwọn oko tó jóná. Leah ti pọ́n àdá rẹ̀ láti gé àwọn igi náà. Issa ní kí Màmá mú sùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha èèpo igi kan díẹ̀, ó fi han Leah: abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ó ní èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, kó fi sílẹ̀ de òjò. Èyí tó bá gbẹ wọnú, kó gé e lọ. Ó ní kó kó koríko tútù sí ìdí àwọn alààyè kí oòrùn má bàa lù wọ́n.

Báyìí ni Leah ṣe ń lọ láti ìdí igi dé ìdí igi, tó ń fi ọ̀bẹ kékeré ha èèpo. Bó bá rí tútù, a ní, "O wà níbẹ̀." Bó bá rí gbígbẹ, a dákẹ́, a fi ọwọ́ nù ún, a bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó wà níwájú ààlà gan-an rú ewé pupa kéékèèké láti ìdí. Ó jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Kò sẹ́ni tó pè wá wò ó.

Issa tún padà wá, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ó ní kó gbin ohun tí kì í gbẹ sí ojú ibi tí iná ń gbà wá, kó jìnnà sí obì díẹ̀, nítorí ooru nìkan tó láti pa obì kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó sì máa gbá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára. Leah mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní gbà lórí ilẹ̀ olókùúta yẹn. Pèrègún ni yóò gbà. Bí o bá gé igi rẹ̀ gún mọ́lẹ̀, kò ní kí o fún òun lómi. Issa ní bẹ́ẹ̀ ni, pèrègún pàápàá dára. Kò béèrè ẹni tó ni bẹẹrẹ, Leah náà kò sọ.

Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Lábọ̀dé. Ó bá ẹni tó ń lọ sí Kàdúnà sọ ọ́, pé kí Akọ́wé jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbin nǹkan díẹ̀ sójú koríko wọn nítorí iná. Akọ́wé ni orúkọ tó fún Lábọ̀dé láti ìgbà tó ti wọlé bí ìyàwó, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Èsì kò dé. Ó tún bá ẹlòmíràn rán an. Èsì kò dé. Òjò sì ń rọ̀ lọ, ìgbà ìgbìn ń kọjá.

Leah rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé pèrègún àtijọ́ ṣì wà lójú ààlà, gbogbo ayé ń rí i, ta ni yóò sọ pé òun fẹ́ gba ilẹ̀? Ó gé igi pèrègún, ó ro bẹẹrẹ síwájú díẹ̀, ó sì gún wọn ní ìlà gbọọrọ sórí ilẹ̀ Lábọ̀dé. Kí òjò tó lọ, wọ́n ti yọ ewé.

Ọmọ́bọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin ilé ni, ìyá kan náà ló bí òun àti Lábọ̀dé. Ilé ni òun wà, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò bá Leah sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Adégbóyèga, olórí ẹbí, ló gbà lọ, wọ́n sì pe Leah jókòó lágbàlá níṣojú gbogbo ilé.

Ọmọ́bọ́lá ní, "Ìyàwó Olóyèdé, a mọ̀ pé iná jó ọ. Ṣé iná náà ló wá ní kí o máa gbé ààlà rìn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Leah wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbé ààlà. Ibi tí olè ń gbà wọlé là ń ti ilẹ̀kùn sí."

"Ilẹ̀kùn ilé tìrẹ, o wá gbé e kọ́ sára ilé ẹlòmíràn."

Ẹ̀rín tún sọ. Leah ṣàlàyé bó ṣe ránṣẹ́ tí èsì kò dé. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ẹni tí kò dáhùn kò tíì fúnni láyè. Òótọ́ ni, kò sí ohun tí Leah lè fi bò ó. Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ Bàbá Adégbóyèga. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Òun ló ṣíwájú àwọn tó gbé òkú Olóyèdé.

Ó ní, "Leah, mo mọ inú rẹ, inú rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n pèrègún kò mọ inú ẹni tó gbìn ín. Bí gbogbo àwa tí a jókòó síbí bá ti lọ tán, ọmọ kan yóò ti ìdálẹ̀ dé, yóò rí ìlà pèrègún méjì. Èwo ni yóò gbàgbọ́? Lọ hú u kí ìjà má bàa dúró de àwọn ọmọ wa."

Leah ní òun gbọ́. Kò sunkún níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó dáná, ó wo oúnjẹ náà títí ó fi tutù.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti yí ohùn padà sí i. Wọ́n ń kí i, ṣùgbọ́n ìkíni ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, ẹni tó kí i kò ní dúró gba èsì. Bó bá dé ìdí omi, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin a sì di ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tó bá ti jẹ́jọ́ ilẹ̀, bó jàre bó jẹ̀bi, àwọn ènìyàn a máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó hú pèrègún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sábẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ló wá dúró sójú ààlà, tó ń wo iwájú, tó ń wo ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan láàrin obì àti bẹẹrẹ, iná tó jẹ ìdá kan lọ́jọ́sí yóò padà wá jẹ ìyókù. Àyè ló ń wá, àyè náà kò sì sí lórí ilẹ̀ rẹ̀, nítorí Olóyèdé ti gbin obì kún un. Àwọn tó kan ààlà gan-an ni àwọn tó fi ọ̀bẹ wá ẹ̀mí wọn rí, tó kó koríko tútù sí ìdí wọn. Wọ́n ti tún ń ga.

Sikirat wá lọ́jọ́ kejì, ó bá a tó ń pọ́n àdá. Nígbà tó gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe, ó jókòó sílẹ̀.

"Ìyá Susanna, obì alààyè ni o fẹ́ gé?"

"Òun ló wà lórí ilẹ̀ mi."

"Àwọn ará Ìlọrin tí mo ń tà fún yóò ní mo ń bá wèrè rajà."

"Sọ fún wọn pé wèrè náà ń kí wọn."

Sikirat rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jìnnà. Ó bá a kó ẹ̀ka títí oòrùn fi yẹ̀, ó sì lọ nítorí ọjà. Ìyókù, Leah nìkan ló ṣe é. Bó bá dé ìdí igi kan, a fọwọ́ kàn án, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Igi tutù, ó ń gbọ́n omi sí i lójú. Ó gé gbogbo èyí tó kan ààlà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó wọ́ wọn jìnnà réré kí wọ́n má bàa di igi ìdáná fún iná, ó sì gún pèrègún rẹ̀ sójú ibi tí wọ́n ti dúró rí, sẹ́yìn pèrègún àwọn àgbà. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko Koro dúró wò ó. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, kò sì sẹ́ni tó wọlé.

Susanna gbọ́ ní Èkó, ó sì wá. Ó rí àyè tí obì ti dúró rí, ó bú sẹ́kún. Ó ní ìyá òun ń fi ara rẹ̀ jìyà nítorí igi, kó di ẹrù kí àwọn máa lọ. Leah fún un ní omi, ó ní, "Igi tó kù ń kọ́? Ta ni yóò gbá ẹ̀bá wọn?" Susanna lọ lọ́jọ́ kẹta. Ilé tún pa lọ́lọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá láìsí nǹkan. Ní ẹ̀kẹta, iná dé. Ọjọ́ ìsìnkú ńlá ni ní Ìsólò-Òpin, gbogbo Ìlọ́fà ti gba ibẹ̀ lọ. Leah kò lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbọ́ ariwo tó dà bí òjò. Lọ́tẹ̀ yìí inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti pọn omi sínú ìkòkò ṣáájú, ó ti já ẹ̀ka tútù. Bẹẹrẹ Lábọ̀dé gbiná, ọwọ́ iná ga ju igi lọ, ó ń sáré bọ̀ bí ẹni tó mọ ilé. Ó dé pèrègún kìíní, ó jẹ ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ ṣíṣí, kò rí nǹkan kan. Ó dé pèrègún kejì bí ooru lásán. Àwọn ewé tó ń jó tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò sọdá ni Leah ń sá tẹ̀ lé, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, ó ń na wọ́n, ó ń da omi lé wọn, títí ìyálẹ̀ta fi di ìrọ̀lẹ́, tí iná gba ẹ̀gbẹ́ lọ sódò, tó kú síbẹ̀.

Obì dúró. Kò sí ọ̀kan tó jó. Leah jókòó sílẹ̀, eérú kún irun rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún dìde, ó lọ wò ó bóyá èéfín kù níbì kankan.

Lábọ̀dé wálé ní Àjíǹde ọdún náà, ó lọ wo ilẹ̀ rẹ̀, ó sì wá sílé Leah. Ó ti hu ewú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó jókòó.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé nítorí ilẹ̀ mi ni o fi gé obì ẹ̀gbọ́n mi?"

"Nítorí iná ni, Akọ́wé."

"O ò bá fi pèrègún ọjọ́sí sílẹ̀. N kò bínú sí i rárá."

Leah wò ó. "Ẹ ò bínú, ṣùgbọ́n ẹ ò fèsì."

Lábọ̀dé tẹrí ba. Ó ní òun gbọ́ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Òun rò pé òun yóò wálé láìpẹ́, pé òun yóò fi ẹnu ara òun dáhùn. Ọdún kan di méjì. Ó ní òun yóò bá ẹbí sọ̀rọ̀, kí Leah mú ìwọ̀nba ilẹ̀ tó fẹ́ lọ́hùn-ún, kó gbin ohun tó wù ú.

Leah ní, "Ẹ ṣé. Igi tí mo gé kò ní tìtorí ìyẹn dìde. Tiyín ni tiyín. Ẹ kàn bá mi gbá ẹ̀bá rẹ̀."

Ó ní òun yóò ṣe é. Ó sọ fún ẹbí lóòótọ́, Ọmọ́bọ́lá sì gbé ọbẹ̀ wá fún Leah lọ́jọ́ kan, ó gbé e sílẹ̀, kò jókòó. Lábọ̀dé padà sí Kàdúnà.

Nígbà tí ìkórè tún kọjá, Leah mú àdá lọ sóko bí ìṣe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá abẹ́ pèrègún, ni ó bá gbọ́ ìró àdá mìíràn láti ìsàlẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Láàrin ewé, ó rí ọkùnrin kan, ará Ìgbìrà tó ń fi iṣẹ́ oko jẹun, tó ń ro bẹẹrẹ lọ ní ìlà títọ́. Lábọ̀dé ló ránṣẹ́ pè é. Leah kí i kú iṣẹ́. Ọkùnrin náà dáhùn ní èdè tirẹ̀, ó mi orí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pèrègún láàrin wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkùnrin náà gbé àdá lé èjìká, ó gba ọ̀nà odò lọ, Leah sì gba ti ilé.